Iná Ọba

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó tì wọ́n
lórí àga kan tó mọ ìdí mi bí ẹní mọ owó,
wọn ò tíì dé ibojì.

Ẹ wò ó. Òru ló kún inú férémù láti etí dé etí,
òkè tó fi yìnyín ṣe fìlà,
ọkùnrin méjìlá lábẹ́ àkéte òkú kan,
awọ àgùntàn léjìká wọn,
ìtùfù márùn-ún, èéfín wọn ń fà sẹ́yìn
bí ẹni tí kò fẹ́ bá wọn lọ.
Ẹṣin ọba ń bọ̀ lẹ́yìn.
Gàárì nìkan ló gùn ún.

Ẹnìkan kì í là á mọ́lẹ̀ pé ọba kú.
Ọba wàjà, ọba gòkè lọ.
Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé eléyìí lọ,
gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹsẹ̀ ń yọ̀,
wọ́n fi òkùnkùn bojú
kí ọ̀tá tó dó sétí odò má baà gbọ́
pé ìtẹ́ ti ṣófo.
Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi sunkún níbẹ̀.
Ẹ wá ẹkún títí, ẹ ò ní rí i.
Obìnrin kan ti ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu.

Ẹni tó yà á kò sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà.
Igba ọdún ló wà láàárín wọn.
Besarioni lorúkọ rẹ̀, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn,
àwọn ará àdúgbò wa ní Kutaísì ló kó jọ ṣe ìjòyè.
Ìyá ìyá mi ló sọ fún mi:
onírùngbọ̀n funfun yẹn, aránṣọ ni;
bíṣọ́ọ̀bù tó gbé àgbélébùú, ọ̀mùtí,
ó sùn lórí ìdúró lẹ́ẹ̀mejì.
Ọba fúnra rẹ̀ ńkọ́?
Luarsabi, oníbùrẹ́dì.
Ayàwòrán jẹ ẹ́ ní owó bùrẹ́dì oṣù mẹ́fà,
ó ní, “Wá dùbúlẹ̀, n ó sọ ọ́ di ọba.”
Ẹ sún mọ́ ọwọ́ tó yọ lábẹ́ aṣọ àrán yẹn:
àpá iná ààrò wà lẹ́yìn ọwọ́ ọba.

Ọmọ tó gbé àbẹ́là lápá òsì,
ìyá ìyá mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Wọ́n wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò
torí àwọn ọmọkùnrin ò lè dúró jẹ́ẹ́.
Gbogbo wọn ń wo iwájú,
òun nìkan ló dorí kodò, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.
Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń wá, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ni,
wọ́n á ní ìlú tó di aláìníbaba ni.
Mo máa ń dákẹ́.

Nígbà tó wá di ọdún tí kò sí iná ọba nílùú,
tí a ń dáná fi ẹsẹ̀ àga sun,
mo gbé àbẹ́là kan wọlé wá ṣọ́ wọn.
Yàrá tutù, èémí mi ń rú bí èéfín.
Mo nawọ́ iná sí wọn lójú.
Ẹṣin náà ṣẹ́jú. Mo búra.
Ibẹ̀ ni ìda gbígbóná ti kán sí mi lẹ́yìn ọwọ́,
mo sì wolẹ̀ wò ó,
n kò wo ọba mọ́,
n kò wo ẹnikẹ́ni.
Ó ta mí. Ìyẹn náà ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń fẹ̀yìn tì.
Ọ̀dọ́mọdé kan, Zurabi, ni yóò gba àga,
fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.
N kò ròyìn kankan fún un.
Mo kàn ní kó máa pa àwọn ọmọ iléèwé lẹ́nu mọ́
bí wọ́n bá dé iwájú àwòrán yìí.
Ó ní kí ló dé.
Mo ní ọ̀tá ṣì wà létí odò.